Kíkó nóòtì láti orí fóònù sórí kọ̀ǹpútà: ìbéèrè àwọn ará Ìkòròdú àti ìdáhùn wa

Ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà la ní ní Ìkòròdú. Oníṣòwò ń wá láti Sábó pẹ̀lú orúkọ àwọn tó jẹ wọ́n lówó, akẹ́kọ̀ọ́ LASUSTECH ń wá pẹ̀lú iṣẹ́ àṣekágbá tó ti kọ dé ìdajì, akọ̀wé ẹgbẹ́ ń wá pẹ̀lú àkọsílẹ̀ ìpàdé, télọ̀ ń wá pẹ̀lú ìwọ̀n aṣọ oníbàárà. Orí fóònù ni gbogbo rẹ̀ wà, orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n sì fẹ́ ẹ sí. Ohun tí wọ́n sábà máa ń bi wá, àti bí a ṣe ń dá wọn lóhùn, ló wà nísàlẹ̀ yìí.

Mo fi wáyà so fóònù mi mọ́ kọ̀ǹpútà. Mo rí fọ́tò, mo rí orin, ṣùgbọ́n n kò rí nóòtì kankan. Ṣé wọ́n ti parẹ́ ni?

Wọn ò parẹ́. Ìbéèrè yìí ló pọ̀ jù nínú gbogbo ohun tí wọ́n ń bi wá, ẹni tó bá sì lóye ìdáhùn rẹ̀, ìyókù máa rọrùn fún un. Ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ ṣàlàyé rẹ̀.

Fáìlì ni fọ́tò tí ẹ yà. Ó ní orúkọ tirẹ̀, ó sì wà nínú fódà tí kọ̀ǹpútà lè ṣí. Nóòtì kò rí bẹ́ẹ̀. Tí ẹ bá kọ nǹkan sínú áàpù nóòtì, áàpù náà kì í sọ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn di fáìlì. Ńṣe ló ń kó gbogbo wọn pọ̀ síbì kan nínú fóònù tí òun nìkan láṣẹ láti dé. Android ló ṣètò rẹ̀ bẹ́ẹ̀ kí áàpù mìíràn má baà máa ka ohun tí ẹ kọ. Ó dà bí owó inú kóló: gbogbo ilé ló ń rí kóló lórí tábìlì, ṣùgbọ́n ẹni tí kò ṣí i kò lè ka owó inú rẹ̀. Wáyà kò lè bá yín ṣí i. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa ṣí áàpù náà lórí fóònù, tí ẹ ó sì ní kó gbé nóòtì jáde.

Bákan náà ló rí pẹ̀lú iPhone. Tí ẹ bá so ó mọ́ kọ̀ǹpútà Windows, fọ́tò àti fídíò nìkan lẹ máa rí nínú fódà rẹ̀.

Báwo ni mo ṣe máa mọ ibi tí nóòtì mi wà gan-an?

Ó lè wà nínú fóònù nìkan. Ó lè wà nínú àkáǹtì yín lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kó jẹ́ pé fóònù kàn ń fi hàn yín ni. Ó sì lè jẹ́ pé ẹ ti sọ ọ́ di PDF tàbí Word nígbà kan rí, tó wà nínú fódà Documents tàbí Download. Irú èyí ni wáyà lè gbé.

Ẹ ṣí áàpù náà, ẹ tẹ àwòrán kékeré tàbí ìlà mẹ́ta tó wà lókè. Tí ẹ bá rí ímeèlì yín níbẹ̀, ó ṣeé ṣe kó wà nínú àkáǹtì. Tí ẹ ò bá rí ímeèlì kankan, ẹ gbà pé inú fóònù nìkan ló wà. Ẹ̀rí tó dájú jù ni pé kí ẹ ṣí àkáǹtì náà lórí kọ̀ǹpútà, kí ẹ wá nóòtì tí ẹ kọ kẹ́yìn. Tó bá wà níbẹ̀, ó wà níbẹ̀.

Ẹni tí nóòtì rẹ̀ wà nínú fóònù nìkan ló yẹ kó yára. Tí fóònù bá bọ́ sómi ní Èbúté, tí wọ́n bá yọ ọ́ lápò ẹni níbi tí èrò ti ń fún ara wọn wọ mọ́tò ní Máìlì 12, tí ẹni tó ń tún fóònù ṣe bá fọ́ọ̀mátì rẹ̀, nóòtì náà lọ nìyẹn. Ohun mìíràn wà tó ń pa nóòtì rẹ́ tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò kà sí. Tí fóònù bá ń sọ pé ààyè ti kún, àwọn kan máa ń lọ sí Settings láti fọ áàpù mọ́. Ẹ lè tẹ Clear cache, kò léwu. Ẹ má tẹ Clear data tàbí Clear storage lára áàpù nóòtì láé, torí gbogbo ohun tí ẹ kọ síbẹ̀ ló máa gbá lọ.

Google Keep ni mo ń lò.

Iṣẹ́ yín ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Lórí kọ̀ǹpútà, ẹ ṣí Chrome tàbí Firefox, ẹ tẹ keep.google.com, ẹ fi ímeèlì tó wà lórí fóònù yẹn wọlé. Gbogbo nóòtì yín máa tò síwájú yín.

Tí ẹ bá fẹ́ sọ wọ́n di ìwé tó ṣeé tẹ̀ jáde, ẹ sàmì sí àwọn tí ẹ fẹ́, ẹ tẹ dọ́ọ̀tì mẹ́ta, ẹ yan Copy to Google Docs. Nínú Google Docs, ẹ lọ sí File, ẹ tẹ Download, ẹ yan Microsoft Word. Ó tán.

Tí wọ́n bá pọ̀ tó pé ẹ ò lè máa mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ lọ sí takeout.google.com. Gbogbo ohun tí Google ní nípa yín ló máa tò síbẹ̀, tó ti sàmì sí gbogbo wọn. Ẹ tẹ Deselect all kọ́kọ́, ẹ wá sàmì sí Keep nìkan, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ máa kó fọ́tò ọdún gbọọrọ mọ́ ọn, dátà yín á sì jóná. Google á fi ìsopọ̀ ránṣẹ́ sí ímeèlì yín. Tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, fáìlì zip kan, tí wọ́n di gbogbo nóòtì yín pọ̀ sínú rẹ̀, á wọlé. Ẹ tú u. Ẹ máa rí fáìlì méjì fún nóòtì kọ̀ọ̀kan: èyí tó parí sí html ni kí ẹ ṣí, èyí tó parí sí json, kọ̀ǹpútà ló wà fún.

Tí àwọn nóòtì kan bá sọnù lójú yín, ẹ wò ó bóyá ímeèlì méjì ló wà lórí fóònù. A máa ń bá a bẹ́ẹ̀ pé ímeèlì ilé iṣẹ́ ni nóòtì lọ bá, tí ẹni náà sì ń fi ti ara rẹ̀ wá a.

Tecno ni fóònù mi, áàpù nóòtì tó bá a wá láti ilé iṣẹ́ ni mo ń lò.

Tecno, Infinix, itel: ohun kan náà la máa sọ. Ẹ ṣí nóòtì náà, ẹ wá Share. Tó bá bi yín bóyá ẹ fẹ́ text tàbí image, ẹ yan text. Àwòrán ni image, ẹ ò ní lè ṣàtúnṣe lẹ́tà kan ṣoṣo nínú rẹ̀ nígbà tó bá dé orí kọ̀ǹpútà, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ èèyàn ni a ti bá tó fi gbogbo nóòtì wọn ránṣẹ́ ní àwòrán. Tí áàpù náà kò bá ní Share, ẹ tẹ ìka mọ́ ọ̀rọ̀ náà títí Select all á fi jáde, ẹ tẹ Copy, ẹ lọ tẹ Paste níbi tí ẹ fẹ́.

Níbo ni kí ẹ wá fi ránṣẹ́ sí? Ọ̀pọ̀ èèyàn á ní WhatsApp tàbí ímeèlì, kò sì burú fún nóòtì méjì sí mẹ́ta. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn tiwa ni pé kí ẹ gbé áàpù Google Keep sórí fóònù náà, kí ẹ máa fi Share ti nóòtì kọ̀ọ̀kan sínú rẹ̀. Ó máa ń gba sùúrù bí wọ́n bá pọ̀, a ò ní parọ́ fún yín. Ẹ jókòó ṣe é ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sunday kan. Ẹ ò tún ní ṣe é mọ́ láyé, torí ohun tí ẹ bá kọ láti ọjọ́ yẹn lọ á máa dé orí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀, tí ẹ bá sì pààrọ̀ fóònù, ímeèlì nìkan lẹ máa fi wọlé.

Ti Samsung ńkọ́?

Samsung Notes dára púpọ̀ ní ti èyí. Ẹ tẹ ìka mọ́ nóòtì náà, ẹ yan Share, á fún yín láyè láti gbé e jáde ní PDF, ní Word tàbí ní text. Ẹ yan Word tí ẹ bá fẹ́ ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, PDF tí ẹ bá kàn fẹ́ tẹ̀ ẹ́ jáde.

iPhone ni tèmi, kọ̀ǹpútà mi sì jẹ́ Windows.

Ẹ lọ sí Settings, ẹ tẹ orúkọ yín lókè, ẹ tẹ iCloud, ẹ rí i pé Notes wà ní títàn. Lórí kọ̀ǹpútà, ẹ ṣí icloud.com, ẹ fi Apple Account yín wọlé, ẹ tẹ Notes.

Tí ẹ bá wọlé tí ẹ ò bá nóòtì kan, ẹ padà sórí fóònù, ẹ wo fódà tó wà. Fódà tó ń jẹ́ On My iPhone kì í lọ sórí iCloud. Ẹ sàmì sí àwọn nóòtì inú rẹ̀, ẹ tẹ Move, ẹ kó wọn sí fódà abẹ́ iCloud. 5GB ni Apple ń fún èèyàn lọ́fẹ̀ẹ́, fọ́tò sì máa ń tètè gbà á tán. Tó bá ti kún, nóòtì tuntun kò ní gòkè mọ́, nítorí náà ẹ dín fọ́tò kù kí ẹ tó máa wá ẹ̀sùn sí nóòtì lẹ́sẹ̀.

Inú WhatsApp ni mo ń kọ gbogbo nǹkan sí. Mo máa ń fi ránṣẹ́ sí ara mi.

Ọ̀pọ̀ oníṣòwò ń ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì yé wa ìdí rẹ̀: áàpù tí ọwọ́ ti mọ́ lẹ̀ ń lò. Lórí kọ̀ǹpútà, ẹ ṣí web.whatsapp.com. Lórí fóònù, ẹ lọ sí Linked devices, ẹ tẹ Link a device, ẹ gbé kámẹ́rà síwájú àwòrán onígun mẹ́rin tó wà lójú kọ̀ǹpútà. Ẹ lè so tó ẹ̀rọ mẹ́rin mọ́ fóònù kan.

Tí ẹ bá fẹ́ kó gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ ṣí ìfọ̀rọ̀wérọ̀ yẹn lórí fóònù, ẹ tẹ dọ́ọ̀tì mẹ́ta, More, Export chat, ẹ yan Without media. Fáìlì txt kan ló máa jáde, pẹ̀lú ọjọ́ àti aago lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbólóhùn kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi ránṣẹ́ sí ímeèlì yín, kí ẹ ṣí i lórí kọ̀ǹpútà.

Ohun tí a fẹ́ kí ẹ mọ̀ ni pé WhatsApp kò ṣe é fún ìtọ́jú ìwé. Tí ẹ bá pàdánù fóònù, tí ẹ ò sì tíì tan backup (ẹ̀dà tí WhatsApp ń tọ́jú sórí íntánẹ́ẹ̀tì), ohun tí ẹ fi ránṣẹ́ sí ara yín kò ní sí lórí fóònù tuntun. Ẹ máa kọ síbẹ̀ tó bá yá yín lára, ṣùgbọ́n ní ìparí oṣù ẹ kó o jáde.

Èló ni dátà tó máa jẹ?

Ọ̀rọ̀ lásán kì í jẹ dátà. Ojú ìwé kan tó kún fún Yorùbá pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀ kì í tó KB mẹ́wàá, bẹ́ẹ̀ fọ́tò kan ṣoṣo láti inú kámẹ́rà fóònù òde òní lè ju MB méjì lọ. Fọ́tò àti ohùn inú nóòtì ló ń jẹ owó. Tí ẹ ò bá fẹ́ lo dátà rárá, ẹ sọ nóòtì di PDF tàbí text lórí fóònù, kí ẹ wá fi wáyà tàbí Bluetooth gbé e. Ti Bluetooth, ẹ kọ́kọ́ ṣí Receive files lórí Windows kí ẹ tó fi ránṣẹ́ láti orí fóònù, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ fóònù á máa sọ pé kò ṣeé ṣe. Quick Share ti Google náà wà fún Windows 10 sókè, ó sì yára ju Bluetooth lọ fíìfíì.

Wáyà mi ń gba ṣáájì, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà kò rí fóònù.

Ẹ ṣí fóònù sílẹ̀ kúrò ní títì, ẹ fa ojú rẹ̀ wálẹ̀ láti òkè. Ẹ máa rí ìfitónilétí kan tó ń sọ pé fóònù ń gba ṣáájì láti USB. Ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ yan File transfer. Tí kò bá sí ìyípadà, wáyà ló fà á. Púpọ̀ nínú wáyà olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n ń tà lẹ́bàá títì ní Benson, okùn iná nìkan ló wà nínú wọn, kò sí okùn tó ń gbé dátà. Ẹ yá wáyà tó bá fóònù wá látinú páálí rẹ̀.

Nóòtì Yorùbá tí mo kọ dáadáa lórí fóònù dé orí kọ̀ǹpútà, ẹ ti di áº¹, ṣ ti di á¹£. Kí ló dé?

Ọ̀rọ̀ yín ò bàjẹ́, kọ̀ǹpútà ló ń kà á lódì. Fóònù fi ìlànà kan tó ń jẹ́ UTF-8 kọ ọ́, báìtì mẹ́ta (ẹyọ kékeré tí kọ̀ǹpútà fi ń tọ́jú ọ̀rọ̀) ni lẹ́tà ẹ sì gbà nínú ìlànà yẹn. Áàpù tó ṣí i lórí kọ̀ǹpútà rò pé báìtì kan, lẹ́tà kan. Ló bá gbé àmì mẹ́ta jáde dípò lẹ́tà kan.

Ẹ má tẹ Save. Ẹ ti fáìlì náà pa bó ṣe wà, kí ẹ tún un ṣí lọ́nà tó yẹ. Nínú Notepad, ẹ lọ sí File, Open, kí ẹ tó mú fáìlì, ẹ wo ìsàlẹ̀ níbi tí wọ́n kọ Encoding sí, ẹ yan UTF-8. Tí Word bá gbé File Conversion síwájú yín, ẹ tẹ Other encoding, ẹ wá UTF-8 nínú ohun tó tò síbẹ̀. Láti àtúnṣe Windows 10 ti ọdún 2019 ni Notepad ti ń lo UTF-8 fúnra rẹ̀ fún fáìlì tuntun. Kọ̀ǹpútà àlòkù tó ṣì ń lo Windows 7 ló máa ń dá wàhálà yìí sílẹ̀ jù, wọ́n sì pọ̀ nílùú.

Tó bá jẹ́ àpótí kéékèèké lẹ rí, tàbí tí àmì ohùn bá yẹ̀ kúrò lórí lẹ́tà tó ni ín, fọ́ǹtì ni, ìyẹn irú ìrísí lẹ́tà tí kọ̀ǹpútà ń lò. Lẹ́tà bíi ẹ́ àti ọ̀ kò ní kóòdù ẹyọ kan tó jẹ́ tiwọn nínú Unicode, ìlànà tó ń fún lẹ́tà gbogbo èdè ní nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà fi ń mọ̀ wọ́n. Ńṣe ni kọ̀ǹpútà ń gbé àmì ohùn lé lẹ́tà lórí, fọ́ǹtì tí kò gbọ́n sì lè gbé e sí ẹ̀gbẹ́. Ẹ mú gbogbo ìwé náà, ẹ yí i sí Noto Sans, Calibri tàbí Times New Roman.

Ìkẹta kò hàn sójú, òun ló sì ń da àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láàmú jù. Ẹ rí ọ̀rọ̀ kan lójú ìwé, ẹ tẹ Ctrl àti F láti wá a, kọ̀ǹpútà ní kò sí. Ìdí ni pé kíbọ́ọ̀dù kan lè kọ à ní ẹyọ kan, kí òmíràn kọ ọ́ ní lẹ́tà àti àmì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ojú wa rí wọn bákan náà, kọ̀ǹpútà kò rí wọn bẹ́ẹ̀. Ẹ da ọ̀rọ̀ náà kọ látinú ìwé yẹn gan-an, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi tí ẹ ti ń wá a. Ó máa rí i.

Àwọn kan ti pinnu pé láìlámì làwọn á máa kọ Yorùbá nítorí àwọn wàhálà wọ̀nyí. A bẹ̀ yín, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Oríkì tí ẹ gbọ́ lẹ́nu ìyá àgbà tí ẹ sáré kọ sórí fóònù kò yẹ kó pàdánù ohùn rẹ̀ nítorí fọ́ǹtì. Gboard ní kíbọ́ọ̀dù Yorùbá fún fóònù, Windows náà ní tirẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń yan èdè nínú Settings.

Mo ń ta èlò ọbẹ̀ ní Sábó. Orúkọ àwọn tó jẹ mí lówó wà nínú nóòtì, mo sì fẹ́ kí kọ̀ǹpútà bá mi ṣírò rẹ̀.

Excel tàbí Google Sheets ló máa ṣe é, ṣùgbọ́n bí ẹ ṣe kọ ọ́ ló máa pinnu bóyá á lè ṣe é. Tí nóòtì bá kà pé “Ìyá Ṣadé 4500 ó ti san 2k”, èèyàn á lóye rẹ̀, Excel ò ní lóye rẹ̀. Kí ẹ tó gbé e, ẹ tò ó báyìí: orúkọ, kọ́mà, nọ́ńbà fóònù, kọ́mà, iye tó kù. Oníbàárà kan, ìlà kan. Nínú iye owó, ẹ kọ nọ́ńbà lásán: kò sí k, kò sí àmì náírà, kò sí kọ́mà láàárín ẹgbẹ̀rún, torí kọ́mà yẹn ni Excel máa fi pín owó yín sí méjì.

Ẹ da gbogbo rẹ̀ kọ sínú òpó àkọ́kọ́ nínú Excel, ẹ lọ sí Data, ẹ tẹ Text to Columns, ẹ yan Delimited, ẹ sàmì sí Comma. Ẹ má tíì tẹ Finish. Lójú ìwé tó tẹ̀ lé e, ẹ tẹ òpó nọ́ńbà fóònù, ẹ yan Text. Tí ẹ bá fo ibí yìí, Excel á rò pé iye owó ni nọ́ńbà fóònù, á sì gé òdo iwájú rẹ̀ sọnù, gbogbo 080 á di 80. Lẹ́yìn ìyẹn, ní ìsàlẹ̀ òpó owó, ẹ kọ =SUM, ẹ ṣí àkámọ́, ẹ fa máòsì la gbogbo owó náà já, ẹ pa àkámọ́ dé, ẹ tẹ Enter.

Ẹ fi àpapọ̀ tó jáde wé èyí tí ẹ fi ọwọ́ ṣírò. Tí wọn ò bá dọ́gba, ìlà kan ṣì wà tí ẹ kọ k tàbí lẹ́tà sí. Excel kì í ka irú rẹ̀ mọ́ owó, kì í sì í sọ fún yín.

Ohun kan tún kù. Orúkọ àti nọ́ńbà àwọn ẹlòmíràn ló wà nínú ìwé yìí. Òfin Ìdáàbòbò Dátà Nàìjíríà ti ọdún 2023 kan irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ìwà ọmọlúwàbí náà sì kàn án. Ẹ fi pásíwọ́ọ̀dù sí fáìlì náà, ẹ má jù ú sí gúrúùpù WhatsApp.

Ohùn ni mo gbà sílẹ̀, n kò kọ ọ́. Òmíràn sì jẹ́ fọ́tò ìwé tí mo fi bírò kọ.

Fáìlì ni ohùn àti fọ́tò, nítorí náà wáyà lè gbé wọn tààrà. Ohùn WhatsApp máa ń parí sí opus. Tí kọ̀ǹpútà yín ò bá mọ̀ ọ́n, ẹ fi VLC ṣí i. Fọ́tò ìwé tí wọ́n tẹ̀ ní ẹ̀rọ, ẹ gbé e sórí Google Drive, ẹ fi Google Docs ṣí i, á yọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ jáde. Ó máa ń ṣe dáadáa fún Gẹ̀ẹ́sì. Ti Yorùbá, àmì ìsàlẹ̀ àti àmì ohùn máa ń bọ́ lára rẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ jókòó kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ti ìwé àfọwọ́kọ, ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ ọwọ́ yín tẹ̀ ẹ́.

Ẹni tó ta fóònù fún mi ló bá mi ṣí ímeèlì. N kò mọ pásíwọ́ọ̀dù rẹ̀.

Ó wọ́pọ̀ jù, pàápàá láàárín àwọn ìyá àti bàbá wa. Níwọ̀n ìgbà tí fóònù náà ṣì ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ yín, ẹ ṣì ní àǹfààní. Ẹ lọ sí Settings, ẹ tẹ Google. Ímeèlì náà wà níbẹ̀, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ ṣí Manage your Google Account, ẹ lọ sí Security, ẹ fi nọ́ńbà tiyín sí Recovery phone, kí ẹ sì pààrọ̀ pásíwọ́ọ̀dù. Google á fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ̀yin lẹ ni ín, ó sì lè gba ohun tí ẹ fi ń ṣí fóònù yín gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí.

Tó bá kọ̀, ẹ ṣí ímeèlì tuntun tó jẹ́ tiyín, kí ẹ fi Share kó nóòtì lọ síbẹ̀. Kí ẹ kọ pásíwọ́ọ̀dù tuntun náà sínú ìwé tó wà nílé, níbi tí ẹ ń kó ìwé ilẹ̀ sí. Tó bá jẹ́ ọmọ yín ló ṣí i, ẹ ní kó wá kọ ọ́ fún yín kó tó padà sílé ìwé.

Tí mo bá ṣe é ní ṣọ́ọ̀bù yín tàbí ní káfè, ṣé àṣírí mi ò ní tú?

Ẹ ní ẹ̀tọ́ láti béèrè, inú wa sì máa ń dùn sí ẹni tó bá béèrè. Ẹ̀yin fúnra yín ni kí ẹ tẹ pásíwọ́ọ̀dù, ẹ má pè é síta fún ẹnikẹ́ni, títí kan àwa. Nínú Chrome, ẹ tẹ Ctrl, Shift àti N pa pọ̀ kí ojú ewé ìkọ̀kọ̀ ṣí; tí ẹ bá tì í pa, kò ní rántí yín. Ẹ gbé iṣẹ́ yín sórí fláàṣì, ẹ lọ sí fódà Downloads, ẹ mú fáìlì yín, ẹ tẹ Shift àti Delete. Ti WhatsApp, ẹ lọ sí Linked devices lórí fóònù yín, ẹ tẹ kọ̀ǹpútà náà, ẹ tẹ Log out, kí ẹ tó dìde lórí àga.

PIN ATM àti nọ́ńbà BVN kò yẹ kó wà nínú nóòtì rárá.

Ojú fóònù mi ti fọ́, kò gba ìfọwọ́kàn mọ́.

Tí nóòtì bá wà nínú àkáǹtì, ẹ wọlé láti orí kọ̀ǹpútà bí a ṣe sọ lókè. Tó bá jẹ́ inú fóònù nìkan ló wà, tí ojú rẹ̀ ṣì ń fi nǹkan hàn, ẹ ra ohun kékeré tí wọ́n ń pè ní OTG, ẹ fi so máòsì kọ̀ǹpútà mọ́ fóònù. Púpọ̀ nínú Android máa gbà á, ẹ ó sì máa fi máòsì tẹ nǹkan. Tí ojú rẹ̀ bá dúdú pátápátá, ẹ pààrọ̀ ojú náà. Kí ẹ tó fi í sílẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ tún un ṣe, ẹ sọ fún un kó ṣe kedere pé kò gbọ́dọ̀ fọ́ọ̀mátì rẹ̀.

Fóònù kékeré onítọ́ọ̀ṣì ni bàbá mi ń lò.

Ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí kọ̀ǹpútà pẹ̀lú ọwọ́. Nóòtì inú rẹ̀ kì í pọ̀, kò sì tó ohun tí èèyàn ń wá ọgbọ́n sí.

Tí mo bá ti kó o sórí kọ̀ǹpútà, ṣé kí n pa ti orí fóònù rẹ́?

Rárá, kì í ṣe lọ́jọ́ yẹn. Ẹ ṣí i lórí kọ̀ǹpútà, ẹ ka ìbẹ̀rẹ̀, ẹ ka ìparí, torí nóòtì gígùn máa ń gé kúrò lágbede méjì nígbà tí èèyàn bá dà á kọ. Ẹ ka iye wọn. Ẹ gbé ẹ̀dà kan sórí fláàṣì pẹ̀lú, torí kọ̀ǹpútà náà ń kú.

Tó bá jẹ́ Keep tàbí iCloud lẹ ń lò, ẹ ṣọ́ra gidigidi níbí: ohun kan náà ló wà lójú fóònù àti lójú kọ̀ǹpútà. Tí ẹ bá pa á rẹ́ lórí ọ̀kan, ó parẹ́ lórí èkejì. Keep máa ń fi èyí tí ẹ pa rẹ́ sínú Trash fún ọjọ́ 7, ẹ sì lè tẹ Restore kí ọjọ́ yẹn tó pé. Tí ẹ kò bá fẹ́ kí nóòtì àtijọ́ máa dí yín lójú, Archive ni kí ẹ tẹ̀: á kúrò níwájú yín, ẹ ó sì máa rí i nígbàkigbà tí ẹ bá wá a.